Ìdí Tí Ìsọ̀kalẹ̀ Olúmìrìn Fi Ń Dun Itan Ju Gígun Rẹ̀ Lọ

Bí ẹni tí kò rìn jìnnà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bá gun òkè omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó gun ìpele méjèèje, tó sì padà sí Òṣogbo nírọ̀lẹ́, ó rọrùn kó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá mọ́, tó ní kóun dìde lórí ibùsùn, ìgbà náà ni iwájú itan méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lọ́jọ́ Ajé, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: jíjókòó á di iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò sì máa fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àwọn mìíràn á ní ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà. Àwọn mìíràn á ní làkúrègbé ti dé.

Kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe làkúrègbé. Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu jù ni pé ìgbà tí ẹni náà ń gòkè ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òógùn bò ó. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ ni. Síbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ló fa ìrora ọjọ́ Ajé. Bí a bá lóye ìdí rẹ̀, a ó ti lóye púpọ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wá kiri nípa bí ara ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Iṣan tí mò ń wí níbí kì í ṣe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ẹran ara gan-an ni, èyí tó so mọ́ egungun, tó ń gbé apá sókè, tó sì ń ti ẹsẹ̀ síwájú. Muscle ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó lé ní 600 tó wà nínú ara wa. Bí ẹ bá ti se ẹran màlúù títí tó fi rọ̀, tí ẹ fi ọwọ́ fà á ya, ẹ ti rí i pé fọ́nrán-fọ́nrán ló máa ń ya. Ohun tí ojú ń rí yẹn ṣì jẹ́ ìdì. Inú ìdì kọ̀ọ̀kan ni ojúlówó fọ́nrán iṣan wà, muscle fibre, tó tín-ín-rín débi pé ó ṣòro fún ojú lásán láti dá ẹyọ kan mọ̀. Fọ́nrán kan, sẹ́ẹ̀lì kan ni. Sẹ́ẹ̀lì, cell lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni ohun tó kéré jù tó ní ìyè nínú ara, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní kóró kan ṣoṣo láàárín, nucleus, tó ń pàṣẹ ohun tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò máa ṣe jáde. Fọ́nrán iṣan yàtọ̀. Kóró tó wà nínú ẹyọ kan lè tó ọgọ́rùn-ún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé láti inú oyún ni ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ti para pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ẹ tún fi èyí kún un: iye fọ́nrán tí a bí mọ́ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Apá alágbẹ̀dẹ tó ki pọ́pọ́, kì í ṣe pé fọ́nrán mìíràn hù síbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló nípọn sí i.

Báwo ni fọ́nrán ṣe ń fa nǹkan? Lọ́dún 1954, àpilẹ̀kọ méjì jáde pọ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature. Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke ló kọ ọ̀kan, Hugh Huxley àti Jean Hanson ló kọ èkejì. Àwọn Huxley méjèèjì kò bára wọn tan. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Inú fọ́nrán kún fún òwú tín-tìn-tín oríṣi méjì, actin àti myosin, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òwú wọ̀nyí kì í súnkì. Ńṣe ni ọ̀kan ń yọ́ wọ àárín èkejì. Ẹ wo ẹni tó ń fa omi nínú kànga: ọwọ́ á di okùn mú, á fà á, á tú u sílẹ̀, á nà síwájú, á tún dì í mú. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn orí kéékèèké tó wà lára myosin ń ṣe lára actin, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Títú sílẹ̀ láti tún dì mú yẹn ló sì ń gba agbára tí fọ́nrán rí nínú oúnjẹ.

Nígbà tí a bá ń gòkè, okùn ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń fà á. Iṣan iwájú itan ń kúrú, orúnkún ń nà, ara ń lọ sókè. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń jẹ ọ́síjìn púpọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n okùn kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ti ẹni tí garawa rẹ̀ wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, tí kò sì fẹ́ kó já sínú kànga. Ó di okùn mú, síbẹ̀ okùn ń lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ. Lórí àpáta Olúmìrìn, nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ balẹ̀ sí ìsàlẹ̀, orúnkún á tẹ̀, iṣan iwájú itan á máa fà kí ara má baà ṣubú, ṣùgbọ́n ìwúwo ara ń borí rẹ̀, ó sì ń gùn bó ti ń fà. Eccentric contraction ni wọ́n ń pe irú fífà bẹ́ẹ̀. Àwọn orí myosin kò tú sílẹ̀ fúnra wọn. Agbára ìta ni ó ń já wọn kúrò lára actin. Nítorí náà, oúnjẹ àti ọ́síjìn díẹ̀ ni ara ń ná, a kò sì ní mí hẹlẹ. Nítorí pé fọ́nrán tó ń gùn bó ti ń fà lè gbé ju èyí tó ń kúrú lọ, fọ́nrán díẹ̀ ni ọpọlọ ń pè sí i. Ẹrù kò dín kù, àwọn tó ń gbé e ló dín kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá ń gbé ju ìpín tirẹ̀ lọ. Ibi tí kò lágbára tó nínú fọ́nrán á nà kọjá ààlà, awọ rẹ̀ á ya wẹ́wẹ́, ohun inú rẹ̀ á máa jò síta. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹni náà yẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, wọ́n lè bá creatine kinase nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ inú iṣan ló yẹ kó jókòó sí.

Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé lactic acid tó ṣẹ́kù nínú iṣan ló ń fa ìrora yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá pàápàá. Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè wò ó. Iṣẹ́ tó ń mú wa mí hẹlẹ ló ń mú lactic acid pọ̀, gígòkè nìyẹn. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹni tó gòkè tó sì rí ẹni gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni ì bá máa jẹ̀rora jù. Ẹ̀wẹ̀, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan tí a bá ti sinmi, ara ti kó o kúrò. Ohun tó ti lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò lè máa dunni lọ́jọ́ Ajé. Láti ọdún 1902 ni Theodore Hough ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan ya nínú iṣan.

Kí ló wá dé tí ìrora fi ń pẹ́ kó tó dé? Nítorí pé yíya náà kọ́ ni a ń gbọ́ jù. Ìtọ́jú rẹ̀ ni. Láàárín wákàtí díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á ya bo ibẹ̀. Neutrophil ló ń kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, macrophage á gbapò wọn, àwọn tó ń gbé pàǹtírí mì: òwú tó já, awọ tó ya. Omi á wọ́ síbẹ̀, iṣan á wú díẹ̀, àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń tú jáde á mú kí okùn ìmọ̀lára, nerve, máa ta gìrì sí ohun tí kì í dùn ún tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi òrí tàbí rọ́ọ̀bù pa á, ara á tù wá, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Àmọ́ ìpara kì í tún fọ́nrán ṣe. Ẹni tí yóò tún un ṣe ti wà níbẹ̀ kí a tó gun òkè.

Ọdún 1961 ni ojú kọ́kọ́ tó o. Alexander Mauro, onímọ̀ kan ní Rockefeller Institute ní New York, fi electron microscope, awò tó ń sọ ohun tí kò ṣeé rí di ńlá, wo iṣan ẹsẹ̀ àkèré. Ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó há sí àárín awọ fọ́nrán àti ìbora tó wà lóde rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ síbẹ̀, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ó pè wọ́n ní satellite cell nítorí pé ẹ̀bá fọ́nrán ni wọ́n ń gbé. Èmi ó máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì alátùn-únṣe. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó ti fura nínú rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ni iṣan fi ń hù padà. Ó tó àádọ́ta ọdún kí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ gbọn-in: lọ́dún 2011, yàrá ìwádìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí ọgbọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kúrò nínú iṣan eku, wọ́n wá ṣe iṣan náà léṣe. Kò hù padà mọ́. Ọ̀rá àti àpá ló gba àyè rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Oorun ni wọ́n ń sùn lọ́jọ́ gbogbo. Tí fọ́nrán bá ya, ohun tó jò jáde nínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ń tú síbẹ̀, á jí wọn. Ọ̀kan á pín di méjì, méjì á di mẹ́rin. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn á wọ inú fọ́nrán tó ya, wọ́n á fi kóró tiwọn kún kóró tó wà níbẹ̀. Kóró ló ń pàṣẹ, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Bí kóró bá ti pọ̀ sí i, fọ́nrán lè ṣe purotéènì púpọ̀ sí i, èyí tí í ṣe èròjà tí a fi ń hun actin àti myosin. Tó bá jẹ́ pé fọ́nrán kan ti kú pátápátá, àwọn ọmọ yìí á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á di fọ́nrán tuntun nínú ìbora tí èyí tó kú fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló ń lọ. Díẹ̀ á yà sẹ́yìn, wọ́n á padà lọ sùn, kí ọjọ́ mìíràn má baà bá ara lófo. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ sọ fún mi, oníṣẹ́ wo ló máa ń rántí ìyẹn?

Itan ọjọ́ Ajé yẹn, ọjọ́ márùn-ún sí méje ni yóò gbà kí ó tó tù ú. Iṣan ẹ̀yìn itan agbábọ́ọ̀lù tó já gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n máa ń fi èròjà inú oró ejò cobra pa odindi iṣan kan lẹ́sẹ̀ eku kí wọ́n lè máa wò ó bó ṣe ń padà. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iṣan tuntun á ti dúró síbẹ̀.

Wàyí o, bí ẹni náà bá padà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ìrora rẹ̀ kò ní tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti dáàbò bo iṣan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìbora òde fọ́nrán á ti yi sí i, ọpọlọ á ti kọ́ láti pe fọ́nrán tó pọ̀ sí iṣẹ́ náà, fọ́nrán fúnra rẹ̀ á sì ti tún inú ara rẹ̀ tò lọ́nà tí yóò fi lè nà láìya. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì láti oṣù kìíní pé ìpele kejì tàbí ìkẹta ti tó o lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun kan wà tí kò yẹ ká fi ṣeré: bí ìtọ̀ bá dúdú lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, tí iṣan sì wú tó ń dunni gidigidi, iṣan ti fọ́ ju èyí tí kíndìnrín lè sẹ́ lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣan kì í kàn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé irú iṣẹ́ tí a bá ń gbé fún un. Alábàárù tó ń ru àpò gaàrí ní Ọjà Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo, fọ́nrán rẹ̀ á nípọn. Ti onídùndún tó ń fi apá fún ìlù láti àárọ̀ dalẹ́ lákòókò ọdún Ọ̀ṣun kò ní nípọn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tètè rẹ̀ ẹ́. Inú fọ́nrán rẹ̀ ni mitochondria ti pọ̀ sí i, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń lo ọ́síjìn láti yọ agbára inú oúnjẹ. John Holloszy fi hàn lára eku lọ́dún 1967 pé bí wọ́n bá ń sáré déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára ìṣiṣẹ́ mitochondria inú iṣan wọn á di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ti àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láyé àtijọ́, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ yóò fi jáde, tún yàtọ̀: okùn kò bọ̀, okùn kò lọ, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ tú. Ẹni tó bá rò pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀, kó lóṣòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Agbára sì máa ń dé ṣáájú sísanra. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alábàárù, kí oṣù tó pé, á ti máa gbé àpò tí kò lè gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ wọn apá rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Toshio Moritani àti Herbert deVries gbé ìwádìí lórí èyí jáde lọ́dún 1979 lára àwọn tó ń gbé irin. Ọpọlọ àti okùn ìmọ̀lára ló ń kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́: wọ́n á mọ bí a ṣe ń pe ọ̀pọ̀ fọ́nrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́nrán á wá máa nípọn.

Orí iṣẹ́ kọ́ ni nínípọn yẹn sì ti ń ṣẹlẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni iṣan ń tú purotéènì rẹ̀ palẹ̀, tó sì ń hun òmíràn. Iṣẹ́ agbára ń mú kí híhun náà yá sí i fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì, bí ohun èlò bá wà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran àti wàrà ni ohun èlò náà. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ má bínú sí mi: iyán ń fún iṣan ní agbára tó fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n purotéènì inú iṣu kéré. Inú ọbẹ̀ ni ẹ ó ti wá a.

Bí ohun èlò kò bá sí ńkọ́? Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí gbogbo ayé ti kọ́ ìdáhùn. Dókítà David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà lọ́dún 1956, ó sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ déédéé, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé kan tí ìyá ọmọ ń tọ́jú sílé. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá dúró sójú kan, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, bí ojú kò bá tilẹ̀ tíì rí i. Ìwé yẹn, Road to Health, ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá gbà lò, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sì tẹ̀ lé.

Ohun tí ìlà tó dúró náà ń sọ kan ẹ̀kọ́ wa gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ọmọ kò bá rí oúnjẹ tó, tàbí tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ń jẹ ẹ́ lára, ara kò ní jẹ́ kí ọkàn àti ọpọlọ kú. Iṣan apá àti itan ni yóò máa tú palẹ̀, tí yóò fi purotéènì wọn gbọ́ bùkátà. Bí ọmọ bá ń jẹun dáadáa, yíyípo apá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún kan sí márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi lè fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn. Bí apá ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ojú téèpù á pupa, ìtọ́jú kánjúkánjú ló yẹ ẹ́.

Iṣan tí oúnjẹ rẹ̀ pé náà lè joro bí iṣẹ́ bá kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi POP dì lẹ́sẹ̀, tàbí tí teguntegun fi igi dì, mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, itan méjèèjì kì í dọ́gba mọ́. Nítorí rẹ̀ ni àwọn onífisiotẹ́rápì, irú àwọn tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, fi máa ń ní kí aláìsàn máa fún iṣan itan rẹ̀ le, kó sì máa dẹ̀ ẹ́, lórí ibùsùn níbẹ̀, kí ọjọ́ títú tó pé.

Ó ku ti àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi rò pé sẹ́ẹ̀lì alátùn-únṣe ti rẹ̀ tán lára arúgbó. Lọ́dún 2005, Irina Conboy, Thomas Rando àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford so ara eku àgbà pọ̀ mọ́ ti ọ̀dọ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan náà lè máa gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Iṣan eku àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe kíákíá. Sẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀. Ohun tí yóò jí i ló ti ṣọ̀wọ́n ní àyíká rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà gan-an.

Kò dìgbà tí a bá yanjú ìyẹn kí iṣan àgbà tó lè lágbára sí i. Ní Boston, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irin fún àwọn arúgbó mẹ́wàá tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn wà ní nǹkan bí 90, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn mẹ́sàn-án parí rẹ̀. Lọ́dún 1990 ni àbájáde rẹ̀ jáde: ní ìpíndọ́gba, agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbé kílò 10 wá ń gbé nǹkan bíi 27. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú itan wọn, ìdá 9 péré ni iṣan fi lé sí i. Ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì bi ara yín pé ibo ni ìyókù agbára náà ti wá, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ohun tí Moritani àti deVries rí lára àwọn tó ń gbé irin. Àwọn fọ́nrán náà ti wà ní itan àwọn àgbà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọpọlọ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.